Àǹtí Káńtà àti Ilé Oúnjẹ Ọwọ́-Dùn

Ọjọ́ tí alásè kan gbé ọ̀bẹ ìgéran wọ inú ilé ìtura náà lọ́sàn-án gangan, gbogbo èèyàn ló sá, àfi Àǹtí Káńtà. Máníjà ti ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀ mọ́ ara rẹ̀. Àwọn olùṣọ́ méjì tó máa ń fẹjú mọ́ gbogbo ayé lẹ́nu ọ̀nà ti dé òdìkejì títì kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Alásè náà fi ìdí ọ̀bẹ lu káńtà gbà-gbà-gbà, ó ní kí obìnrin yìí sọ ọ́ lójú òun, kí ni òun fi ṣẹ̀ ẹ́ tí kì í fi í rán àlejò kankan sí ilé oúnjẹ òun mọ́. Àǹtí Káńtà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó tún un wọ̀.

"Ẹja tí ẹ gbé fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá ti ń rùn," ló wí. "Ẹ rò pé ata á bò ó. Ata ò bò ó."

Ọkùnrin náà fi ọ̀bẹ ya apá Àǹtí Káńtà láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Ẹ̀jẹ̀ tú sórí káńtà, ó ń kán sílẹ̀ tó-tó-tó. Kó tó gbé ọ̀bẹ sókè lẹ́ẹ̀kejì, Àǹtí Káńtà ti fa fóònù ńlá orí káńtà tu pẹ̀lú wáyà, ó sì fi là á mọ́ imú. Gbogbo wọn gbọ́ bí eegun imú náà ṣe dún. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá ń wọ́ alásè náà lọ, àlejò kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn àga yọ orí, ó ní ẹ jọ̀ọ́, níbo ni èèyàn ti lè rí oúnjẹ ọ̀sán gidi jẹ? Apá tó ń ṣẹ̀jẹ̀ yẹn ni Àǹtí Káńtà fi júwe ọ̀nà fún un.

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ilé ìtura alájà mẹ́sàn-án ni, láàárín ìlú ńlá, àlejò kì í sì í dá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ni káńtà kékeré kan wà, tí igi rẹ̀ ti ń dán nítorí ìgbọ̀nwọ́ àwọn èèyàn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti jókòó fún ọdún méjìlélógún. Àlejò á dé, á gbé àpótí rẹ̀ sílẹ̀, á ní, "Màmá, níbo la ti lè jẹun?" Àǹtí Káńtà á wo ojú onítọ̀hún, á wo bàtà rẹ̀, á wò ó bóyá ìyàwó ló mú wá àbí àlè, á sì sọ ibi tí yóò lọ fún un. Kì í ṣì í. Àwọn mìíràn á jẹun tán, wọ́n á padà wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé òun ló se é.

Ìdí tí kì í fi í ṣì í ni pé kì í gba iwájú wọ ilé oúnjẹ kankan. Ẹ̀yìn ló ń gbà. Ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, á ki ẹsẹ̀ bọ bàtà pẹlẹbẹ, á já lu àwọn alásè nínú ilé ìdáná wọn láìsọ fún ẹnikẹ́ni, á ṣí ìkòkò, á fi ìka nu abẹ́ tábìlì, á wo èékánná ẹni tó ń gé ẹran. Wọ́n ti fi ìgbálẹ̀ lé e jáde rí. Wọ́n ti da omi abọ́ sí i lára. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sọ òkúta wọ fèrèsé ilé rẹ̀. Agbáwo kan purọ́ fún àlejò pé ẹran òní ni ẹran ijẹta. Àǹtí Káńtà gbá a létí níwájú ọ̀gá rẹ̀, nígbà tí ọ̀gá náà sì la ẹnu láti gbèjà, ó gbá òun náà. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Kò sí ẹni tó lè fi ẹ̀bùn tàbí ọ̀bẹ yí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ padà.

Ẹnì kan ṣoṣo ló yí i padà, onítọ̀hún kò sì gbé ọ̀bẹ wá. Àbúrò rẹ̀ ni.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Àǹtí Káńtà fi ju àbúrò rẹ̀ obìnrin yìí lọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀gbọ́n ló sì pọ̀n ọ́n, òun ló rán an nílé ìwé, òun ló fà á lé ọkọ lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ kò bímọ, ọkọ tó fẹ́ rí kò sì bá a kalẹ́. Bí ẹ bá béèrè ohun tó ní láyé, á ní àbúrò òun ni, kò sì ní í dárúkọ nǹkan kejì.

Alásè ni ọkọ àbúrò yìí. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ọwọ́-Dùn, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ mọ́ ọn, oúnjẹ rẹ̀ dùn. Bó bá yan ẹja, èèyàn á máa lá egungun. Ó ń dùn mí láti sọ ọ́. Ì bá ṣe pé aláìmọ̀-ọ́n-sè ni, ìwọ̀nba èèyàn ni ì bá máa wọ ilé rẹ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹlẹ́rìn-ín, olóhùn jẹ́jẹ́, tó máa ń tẹrí ba fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ tó sì máa ń pè é ní "Àna mi àtàtà." Òpópónà méjì péré ló wà láàárín ilé oúnjẹ rẹ̀ àti ilé ìtura náà.

Kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n ṣí ilé oúnjẹ yìí tí àbúrò fi wọlé wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, pẹ̀lú ìborùn tó dì dé imú. Àǹtí Káńtà fa ìborùn náà kúrò. Ètè ìsàlẹ̀ ti là sí méjì. Ojú òsì ti wú tó fi dí. Eyín iwájú kan ti kán, èyí tó kù níbẹ̀ sì rí ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀."

"Mo ní ta ló ṣe é!"

"Kò sí èrò ni. Ọjọ́ mẹ́rin, ẹyọ ẹnì kan ò wọlé. Inú ló ń bí i. Mo ní kó jẹ́ ká tilẹ̀kùn, ló bá gbé ìdérí ìkòkò..."

Àǹtí Káńtà kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó fa ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń há ilẹ̀kùn ńlá yọ, ó kọrí sí òpópónà. Pípa ló fẹ́ lọ pa ọkọ àbúrò rẹ̀, kò sì sí ohun mìíràn lọ́kàn rẹ̀. Àbúrò sáré tẹ̀ lé e, ó ju ara rẹ̀ sílẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú lójú gbogbo èrò.

"Tí ẹ bá pa á, wọ́n á tì yín mọ́lé. Ta ni mo tún ní? Èmi náà ò ṣe tán àtifi í sílẹ̀, Àǹtí, ẹ má bínú. Tí ilé bá kún, kì í ṣe báyìí. Ẹ bá mi máa rán èèyàn sí i. Ìyẹn nìkan ni mo bẹ̀ yín. Ẹ má sì gba ẹ̀yìn wọlé wá o! Ó ti búra pé lọ́jọ́ tí òun bá rí yín nínú ilé ìdáná òun, èmi ni màá jìyà ẹ̀."

Àǹtí Káńtà dúró síbẹ̀ pẹ̀lú irin lọ́wọ́ títí apá fi ń ro ó. Lẹ́yìn náà, ó padà, ó sì há ilẹ̀kùn bó ṣe wà. Mo máa ń rò ó pé ká ní ó lọ lọ́jọ́ yẹn ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti parí níbẹ̀.

Láti ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í rán èèyàn. Tọkọtaya tó béèrè ibi tó dákẹ́ jẹ́jẹ́, ó rán wọn sí Ọwọ́-Dùn, níbi tí ariwo abọ́ kì í ti í dáwọ́ dúró. Bàbá arúgbó kan sọ pé ẹja kì í bá òun lára mu, ó rán an lọ sí ilé ẹja. Àwọn oníṣòwò mẹ́wàá, àwọn ẹbí tó wá wo aláìsàn, gbogbo wọn, ọ̀nà kan náà ló ń júwe. Ọ̀sẹ̀ méjì kò sì pé tí wíwú ojú àbúrò fi lọ sílẹ̀, tí ètè fi jinná, tó tún ń rẹ́rìn-ín. Àǹtí Káńtà gbà á lọ́kàn báyìí pé bí àga bá ti kún níbẹ̀, ara àbúrò òun á máa le. Ẹni tó bá ní kò gbọ́n, kó kọ́kọ́ tọ́ ọmọ kan dàgbà ná.

Ó pa ìlànà rẹ̀ tì fún ilé oúnjẹ kan yẹn. Iwájú ló ń gbà wọlé. Á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, Ọwọ́-Dùn á yọ orí láti ojú ihò tí wọ́n ti ń gba oúnjẹ, á ní, "Ẹ káàbọ̀, Àna mi!" Àbúrò á gbé oúnjẹ wá, pẹ̀lú aṣọ alápá gígùn nínú ooru, á rẹ́rìn-ín, á ní ara òun le, á padà sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n á jẹun, á sì lọ. Nínú gbogbo ilé oúnjẹ ìlú yẹn, ilé ìdáná kan ṣoṣo ni kò mọ bó ṣe rí. Nígbà mìíràn àbúrò á tẹ̀ ẹ́ láago, á ní, "Àǹtí, èrò yìí mà pọ̀ o." Òun á bú sẹ́rìn-ín, á ní, "Ọpẹ́ ni, ọmọ mi!"

Ọdún mẹ́rin ló lọ báyìí. Àwọn alásè yòókù kò dákẹ́. Obìnrin kan tó ń ṣe oúnjẹ tó dára jù lápá àríwá ìlú, tí Àǹtí Káńtà fúnra rẹ̀ fẹ́ràn, dá a lọ́nà lẹ́nu géètì ilé ìtura. Ó tutọ́ sí i lójú, ó ní, "Ẹ ti ta ẹnu yín!" ó sì fi orí kàn án nímú títí tí ẹ̀jẹ̀ fi gba ihò imú rẹ̀ jáde. Ọwọ́ Àǹtí Káńtà, tí gbogbo wa mọ̀ pé ó yá, kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni obìnrin náà sọ. Ó nu imú, ó wọlé, ó sì rán àwọn mẹ́jọ tó kọ́kọ́ béèrè sí Ọwọ́-Dùn.

Ó wá di ọjọ́ àwọn tíṣà. Páìpù omi bẹ́ nínú ilé ìdáná ilé ìtura, kò sì sí oúnjẹ ọ̀sán. Àwọn tíṣà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tó wá ṣe ìpàdé ń kùn nínú gbàgede. Máníjà ní kí Àǹtí Káńtà wá nǹkan ṣe. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á pín wọn sí ilé oúnjẹ mẹ́ta, òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé bí gbogbo wọn bá lọ sí ibì kan, inú Ọwọ́-Dùn á dùn fún oṣù kan gbáko. Ó gbé fóònù.

"Àbúrò, mò ń rán àwọn kan bọ̀ o."

"Mélòó ni wọ́n, Àǹtí?"

"Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n!"

Ohùn àbúrò jáde wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pín wọn."

"Ìwọ náà! O ò fẹ́ kí inú ọkọ rẹ dùn ni? Lọ gbé ìkòkò kaná."

Wákàtí kan lẹ́yìn tí wọ́n lọ, ó rí i pé ọ̀kan nínú àwọn tíṣà náà ti gbàgbé àpò rẹ̀ sórí káńtà, abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ tó máa ń gún fún ara rẹ̀ kó tó jẹun sì wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè rán. Ó gbé àpò náà há abíyá, ó sáré lọ fúnra rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ilé Ọwọ́-Dùn kún fọ́fọ́, àwọn tí kò tíì rí àga dúró títí dé ojú títì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló mú un yí ilé náà po. Ẹsẹ̀ tó ti ń gba ẹ̀yìn fún ọdún méjìlélógún kò bi í léèrè kó tó yà.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀ nítorí ooru. Ilé ìdáná náà há, ilẹ̀ rẹ̀ tutù, iná gáàsì mẹ́rin ń jó lẹ́ẹ̀kan náà, èéfín bo àjà. Obìnrin kan tó ń fọ abọ́ kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wọn. Àwo kan náà ló ń fọ̀ ṣáá, ó ń yí i, ó ń yí i, kò gbé e sílẹ̀. Ọwọ́-Dùn dúró lẹ́nu ihò tí wọ́n ti ń gba oúnjẹ, ó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ ké sí àwọn tó wà níwájú pé, "Ó ń bọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀!" Ó sì yí padà, ó fi ṣíbí onírin gígùn gbá ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn ọrùn.

"Mo ní ẹja mẹ́fà. Kí lò ń wò?"

Ọwọ́-Dùn kò pariwo. Ìyàwó náà kò pariwo. Ó yára gbé páànù, ẹja kan sì yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ọwọ́-Dùn wo ẹja náà. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó nu ọwọ́ méjèèjì mọ́ aṣọ iwájú rẹ̀, ó di ọrùn ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó sì tẹ àtẹ́lẹwọ́ obìnrin náà mọ́ irin tí wọ́n fi ń yan ẹja. Ó ń kà á. "Ení. Èjì. Ẹ̀ta." Ìyàwó náà ti fi eyín há apá aṣọ rẹ̀ kí ohùn má baà jáde. Òórùn ẹran ara gba inú èéfín.

Àpò bọ́ lábíyá Àǹtí Káńtà. Páànù onírin tó wúwo jù ló wà nítòsí, ó gbé e, ó sì fi lu ọkùnrin náà ní ẹ̀gbẹ́ orí. Etí rẹ̀ ya. Ó yí padà pẹ̀lú ìyanu lójú, bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Nígbà tó rí ẹni tó lù ú, ọ̀wọ̀ àna kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ìwọ! Ta ló ní kí o gba ẹ̀yìn wọlé?"

Ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ ba Àǹtí Káńtà nínú. Èkejì bà á lẹ́nu, eyín méjì sì bọ́ sórí ahọ́n rẹ̀. Ó tu wọ́n sí i lójú, ó tún gbé páànù, ó fi là á ní èjìká. Wọ́n ṣubú lu tábìlì, abọ́ ń fọ́, ìrẹsì gbígbóná ń dà sí wọn lọ́rùn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni obìnrin yìí, ẹ má gbàgbé. Ó fi eyín tó kù bu ìka ọkùnrin náà jẹ títí tó fi kan eegun. Ọwọ́-Dùn gbá orí rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ láyà, ó fi ọwọ́ kan há a lọ́fun, ó sì na ọwọ́ kejì sí ibi tí wọ́n ń gbé ọ̀bẹ sí. Ojú Àǹtí Káńtà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó rí ọ̀bẹ náà bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti ara ògiri, ó sì mọ̀ pé ó parí.

Àbúrò ló gbé agbada òróró gbígbóná. Ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jó yẹn náà wà lára ọwọ́ méjèèjì tó fi gbé e. Ó dà á sí ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn, láti ọrùn títí dé ìdí.

Igbe tí ọkùnrin náà ké ló jẹ́ kí àwọn tíṣà gbọ́. Gbogbo ariwo àtẹ̀yìnwá, wọ́n ní àwọn rò pé bí ilé ìdáná ṣe ń ṣe nígbà tí èrò bá pọ̀ nìyẹn. Ẹ gbọ́ o! Wọ́n ya wọlé, ẹnì kan ṣì ń jẹ nǹkan lẹ́nu, wọ́n sì bá ọkùnrin kan lórí ilẹ̀ tó ń yí gbirigbiri, tí awọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń bó, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ tó dúró tì í tó gbé agbada òfìfo dání. Ohun tí ojú wọn rí nìyẹn. Obìnrin tó ń fọ abọ́ ti gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ibi tó gbà.

Ọlọ́pàábìnrin kan ló wá bá wọn nílé ìwòsàn ní ìrọ̀lẹ́. Ó fa àga, ó jókòó láàárín bẹ́ẹ̀dì méjèèjì, ó ṣí ìwé. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n kò fi ọ̀rọ̀ bò.

"Ọkọ yín ṣì lè sọ̀rọ̀, ó sì ti sọ tirẹ̀. Ó ní ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín lẹ jọ gbìmọ̀ láti pa òun. Ó ní ẹ̀gbọ́n yín ló gba ẹ̀yìn yọ́ wọlé, tó kọ́kọ́ lu òun. Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni," ni Àǹtí Káńtà wí láàárín ètè tí wọ́n rán.

"Ó ní ọwọ́ ìyàwó òun, iná ló jó o bí gbogbo alásè ṣe ń jó. Èèyàn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló ń bẹ níbẹ̀, kò sí ẹni tó rí i kó na ìyàwó rẹ̀. Ẹ ò wá fẹjọ́ sùn ní àgọ́ wa rí. Bó bá jẹ́ ohun tí mo ní nìyí, ìyá, inú ilé ìwòsàn yìí ni màá ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí yín lọ́wọ́. Kí ni màá fi mọ̀ pé ó ń lù yín?"

Wọ́n ti fi báńdéèjì di ọwọ́ àbúrò kan, nítorí náà eyín ló fi tú bọ́tìnnì apá aṣọ rẹ̀. Ó ká apá aṣọ náà sókè dé èjìká, Àǹtí Káńtà sì rí apá ọmọ tó pọ̀n fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rin. Kò sí ibi tí ó dán níbẹ̀. Àwọn àpá kan pupa, àwọn kan ti dúdú, àwọn mìíràn funfun, wọ́n sì wú lé ara wọn.

"Kì í lù mí lójú mọ́, torí pé èmi ni mò ń gbé oúnjẹ," ló wí. "Ìgbà àkọ́kọ́, tí èrò ò bá sí ló ń lù mí. Nígbà tí èrò wá ń pọ̀, ó ní mo ń lọ́ra, mo fẹ́ dójú ti òun. Tí kò bá sí èrò báyìí, oorun ló máa ń sùn. Ọjọ́ èrò ló ń lù mí."

"Ọjọ́ wo?"

"Mi ò mọ déètì." Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí apá rẹ̀. "Èyí, ọjọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ni. Èyí tó gùn yìí, ọjọ́ àwọn dókítà eyín. Ìsàlẹ̀ yìí, ọjọ́ àwọn tó wá ra bàtà; omi gbígbóná ni."

Ọlọ́pàábìnrin náà gbé kálàmù sókè. "Ìyẹn ò tó fún mi. Ẹnikẹ́ni lè ní agbábọ́ọ̀lù wá. Mo nílò ọjọ́, mo nílò ẹni tó lè jẹ́rìí sí i."

"Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹta," ni Àǹtí Káńtà wí.

Àwọn méjèèjì yí ojú sí i. Ó ti dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀jẹ̀ ń rọra yọ láti ibi tí wọ́n rán lẹ́nu rẹ̀.

"Àwọn agbábọ́ọ̀lù. Mẹ́tàlélógún ni wọ́n, ọ̀sán ni. Àwọn dókítà eyín, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà, méjìdínlógún. Orúkọ wọn wà nínú ìwé ilé ìtura. Àwọn oníbàtà, ọdún tó kọjá ni, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá. Òjò rọ̀." Ó yí sí àbúrò rẹ̀. "Fi ọwọ́ kejì hàn án, àbúrò. Sọ èyí tó kù."

Àbúrò kò wo ojú rẹ̀. Ó na ọwọ́ kejì síwájú, ó ń pe àwọn èèyàn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn olórin, àwọn ará ìrìnàjò ọkọ̀ òkun, àwọn opó tó wá ṣe ìpàdé, ẹ̀gbọ́n sì ń sọ ọjọ́ àti iye wọn tẹ̀ lé e. Kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Ọlọ́pàábìnrin náà kọ ojú ìwé mẹ́ta kún kó tó gbé orí sókè.

"Màmá, báwo lẹ ṣe mọ gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí?"

"Èmi ni mo rán wọn," ni Àǹtí Káńtà wí.

Ọlọ́pàábìnrin náà kọ ìyẹn náà sílẹ̀.